Obangame Express: ìràwọ̀ mẹ́rin láti ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ òru lójú òkun

Bósùn ni mí, olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí dẹ́ẹ̀kì, lórí ọkọ̀ tó ń gbé bẹntiróòlù àti dísù láàárín Èkó, Kútọnu, Lomé, Tema àti Àbíjáàn. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, inú ọkọ̀ ìpẹja bàbá mi ni mo sì ti mọ òkun kí n tó mọ ABD. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ epo. Nínú gbogbo ohun tí mò ń lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sí èyí tí ẹ̀mí mi rọ̀ mọ́ tó ààbò orí omi, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì rí ẹnì kan tó fi Yorùbá kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí fún ẹni tó ń lò ó. Tí Obangame Express, ìdánrawò tí àwọn ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ máa ń ṣe, bá ti dé, fọ́tò àwọn ọ̀gá ológun tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ní Apápá la máa ń rí nínú ìwé ìròyìn. Ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ àwa tá a wà lórí dẹ́ẹ̀kì ni mo fẹ́ sọ. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo máa sọ ìdí tó fi gba mẹ́rin, mo sì máa sọ ibi tí ọ̀kan tó kù há sí.

Èdè Fang ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, èdè àwọn ará Gabon, Kamẹrúùnù àti Equatorial Guinea. Ìṣọ̀kan ló túmọ̀ sí. Amẹ́ríkà ló ń gbé ìdánrawò náà kalẹ̀, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn tí ibùjókòó wọn wà ní Naples nílẹ̀ Ítálì ló sì ń darí rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà létí òkun wa, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àngólà, ló ń kó ọkọ̀ wọn jáde fún un, àwọn ará Yúróòpù àti Bràsíl náà sì ń wá. Wọ́n máa ń gbà á lálejò káàkiri ni: Èkó ní 2019, Dakar ní 2022, Èkó lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2023, Libreville ní 2024. Ti 2019 yẹn, orílẹ̀-èdè 33 ló kópa, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi 95. A ń bọ̀ láti Lomé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ ogun mẹ́fà ni mo fi ojú ara mi kà kí a tó dé ẹnu ibùdókọ̀ Èkó, àsíá mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà lórí wọn. Láti kékeré tí mo ti ń rí òkun, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí àsíá mẹ́rin yẹn fi mú orí mi wú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ọdún 2012 ni. A ń dúró de kí wọ́n pè wá wọlé já epo. Ẹ́ńjìnnì wa wà ní pípa, a kàn ń léfòó níbi tó jìnnà sí ilẹ̀, nítòsí ààlà orílẹ̀-èdè méjì tí mi ò ní dárúkọ. Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Òkun dákẹ́, òṣùpá ò sí. Mo gbọ́ ìró kan, ìró irin tí wọ́n fi aṣọ wé. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé okùn ló ń lu ara ọkọ̀. Ìkọ́ àkàbà ni. Àwọn adigunjalè orí omi máa ń fi àkísà wé ìkọ́ irin tó wà lórí àkàbà wọn, kó má baà pariwo tí wọ́n bá fi kọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Mo bẹ ojú wo ìsàlẹ̀, mo rí ojú ọmọkùnrin kan tó ń gòkè bọ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ká ní mo na ọwọ́, mi ò bá kàn án lórí. Mo sáré, mò ń kígbe.

A sá wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, a ti irin mọ́ ara wa. Kí Kápúténì tó sá wọlé, ó ti pe nọ́ḿbà tí wọ́n fún wa. Ẹni tó gbé e béèrè ibi tá a wà gan-an, Kápúténì sì kà á fún un. Ọkùnrin náà ní ibẹ̀ yẹn kò sí nínú omi tàwọn mọ́, kí á pe àwọn ará ìhà kejì. Kápúténì pe ìhà kejì. Fóònù dún, ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Wákàtí márùn-ún la lò nínú ooru yẹn, à ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lókè orí wa. Nígbà tá a jáde, wọ́n ti kó owó inú àpótí, wọ́n kó fóònù àti kọ̀ǹpútà, wọ́n kó bàtà àti aṣọ. Ọmọ Gánà tó ń dáná fún wa kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa lóru yẹn. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá a lẹ́nu, eyín méjì ló jábọ́. Ọ̀sán gangan ni ọkọ̀ ìṣọ́ kan tó yọ sí wa, ìwé ọkọ̀ sì ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Mi ò gbà pé ẹni tó gbé fóònù yẹn kórìíra wa. Kò ní nọ́ḿbà ẹnìkejì rẹ̀ tó wà ní ìhà kejì ààlà. Kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn ò jọ jókòó rí, èdè wọn sì lè má dọ́gba. Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí ààlà ni wọ́n máa ń lúgọ sí, bí ọdẹ ṣe ń lúgọ sí ojú ọ̀nà tí ẹran ń gbà lọ sódò.

Nàìjíríà àti Benin ti bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣọ́ omi Benin láti 2011, ṣùgbọ́n àwọn méjì péré nìyẹn. Oṣù Kẹfà 2013 ni orílẹ̀-èdè 25 láti ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, pé ohun tí ẹnì kan bá rí lójú òkun, á máa sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Wọ́n pín òkun sí ẹkùn ẹkùn. Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Niger wà nínú ẹkùn kan, Kútọnu sì ni ibùdó wọn. Àdéhùn orí ìwé pọ̀ nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ tí Obangame ṣe ni pé ó gbé tirẹ̀ kúrò lórí ìwé. Wọ́n á ní ká ní olè ti jí ọkọ̀ báyìí báyìí. Ọkọ̀ náà á gbéra nínú omi Gánà, á gba Tógò àti Benin kọjá, á forí lé Nàìjíríà. Àwọn tó wà ní yàrá ìṣọ́ lórílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tọpa rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì fà á lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, bí ìgbà tí aláàárù ń sọ ẹrù fún aláàárù. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun á fi okùn gòkè wọ ọkọ̀ náà, wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wò. Fífi okùn gòkè yẹn ló wuyì nínú fọ́tò. Ká ní wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ mi, ẹrù tí wọ́n ń sọ fún ara wọn yẹn ni mi ò bá san owó fún.

Ọdún 2016 ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, wọ́n jí ọkọ̀ epo kan tó ń jẹ́ Maximus gbé létí òkun Àbíjáàn. Àwọn olè náà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ òmíràn sí i. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ìtàn náà ì bá parí sí: wọ́n á fa epo inú rẹ̀ tán, ìdílé àwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì máa retí ìpè fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan bá wọn wá a rí, Gánà tọpa rẹ̀, Tógò tọpa rẹ̀, wọ́n ń ta iwájú lólobó bó ṣe ń lọ, títí ó fi dé omi São Tomé. Nàìjíríà ní àdéhùn pẹ̀lú São Tomé tó fún un láyè láti wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn ọmọ ogun ojú omi wa gun ọkọ̀ náà. Wọ́n pa olè kan, wọ́n mú mẹ́fà, wọ́n gba òṣìṣẹ́ 18 sílẹ̀. Nínú gbogbo omi tí ọkọ̀ yẹn gbà kọjá, kò sẹ́ni tó ní kò sí nínú omi tòun.

Tema la wà lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn dé. Ọmọ Gánà tó ń dáná fún wa, ẹni tí wọ́n yọ léyín yẹn, ló ń kà á sókè fún wa lórí fóònù rẹ̀ nínú yàrá ìjẹun. Nígbà tó dé ibi òṣìṣẹ́ 18, ó dákẹ́. Ó tún ibẹ̀ kà.

Mo máa sọ ìrírí tèmi náà, torí ohun kékeré ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Lẹ́yìn ti 2023 tó wáyé l'Ékòó, a gbéra lóru kan, Kútọnu là ń lọ. Ọ̀gá mi kan, ará Philippines, ló ń tukọ̀ ní wákàtí yẹn, èmi ni mò ń bá a ṣọ́ ìta. Kí a tó kúrò nínú omi Nàìjíríà, àwọn ọmọ ogun wa pè wá lórí rédíò: ibo lẹ ti ń bọ̀, ibo lẹ̀ ń lọ, kí lẹ gbé, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn. A kọjá ìdojúkọ Sẹ̀mẹ̀. Kò pẹ́, Benin pè wá. Ọ̀gá mi ti ń múra láti tún gbogbo rẹ̀ kà látòkè délẹ̀, bá a ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ọkùnrin tó wà lórí rédíò ní rárá, Èkó ti fi ránṣẹ́ sí òun: dísù lẹ gbé, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni yín. Ó ní ṣé nǹkan kan ti yí padà ni. Ọ̀gá mi ní kò sí.

Ó wá béèrè ohun kan sí i. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní Faransé nínú, ti ọ̀gá mi náà ní ti ilé wọn nínú. Ó béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò yé ẹni tó ń gbọ́. Ọ̀gá mi na rédíò sí mi. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ Yorùbá ni yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ òru o. Ọmọ Kétu ni mí." Mo ní ẹ kú àìsùn. Ó ní ohun tí òun ń béèrè ni bóyá a rí ọkọ̀ kékeré méjì níwájú, tí kò tan iná. Mo gbé awò sójú, mo wo ọwọ́ ọ̀tún, mo rí wọn, dúdú lórí dúdú. Ó ní, "Apẹja ni wọ́n, a mọ̀ wọ́n. Àwọ̀n wọn wà nísàlẹ̀. Ẹ bá wa yà fún wọn díẹ̀." A yà fún wọn.

Ẹ rò ó wò. Ní 2012, a ń kú lọ, ẹni méjì kò rí ara wọn bá sọ̀rọ̀. Lóru yìí, ẹni tó jókòó ní Benin mọ iye tá a jẹ́, ó sì ń bá apẹja méjì ṣọ́ àwọ̀n wọn. Tìtorí òru yẹn ni ìràwọ̀ mẹ́rin mi.

Iṣẹ́ kan tún wà tó ń bá ti Obangame rìn, ó yẹ kí n dárúkọ rẹ̀: MDAT-GoG. Ọmọ ogun ojú omi Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ló jọ ń ṣe é láti 2016, àwọn kan wà ní Brest, àwọn kan wà ní Portsmouth. Kápúténì máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn lójoojúmọ́ tá a bá ti wà ní agbègbè òkun Gínì, ìyẹn Gulf of Guinea: ibi tá a wà, ibi tá à ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ kan, ìkìlọ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ìkìlọ̀ kan dé bá wa lọ́jọ́ kan nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. A pa gbogbo iná ìta, mo kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jáde láti lọ wo wáyà ẹlẹ́gùn-ún tá a fi yí ọkọ̀ ká, a sì yí orí ọkọ̀ síta gbalasa. Ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ẹ̀ka kan wà nínú ìdánrawò yìí tí kì í bọ́ sójú fọ́tò rárá. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí. Ìbọn, àkàbà, fóònù olè, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wọ inú ọ̀rá tirẹ̀, wọ́n á kọ wákàtí àti ibi tí wọ́n ti rí i sí i lára, kí adájọ́ lè rí nǹkan dì mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ni tìyẹn. Ẹ gbọ́ ìtàn méjì. Ní oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n jí ọkọ̀ ìpẹja àwọn ará Ṣáínà kan, Hai Lu Feng 11, gbé létí òkun Ivory Coast. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà ló gbà á padà, wọ́n gba òṣìṣẹ́ 18, wọ́n mú olè 10. Nàìjíríà ti ṣe òfin tó dá dúró fún olè orí omi ní 2019, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Keje 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́wọ̀n ọdún 12. Ẹ wá wo èkejì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 kan náà, ọkọ̀ ogun Dẹ́nmáàkì tó ń jẹ́ Esbern Snare pàdé àwọn olè lójú òkun wa. Wọ́n yìnbọn síra wọn, olè mẹ́rin kú, wọ́n mú mẹ́rin láàyè. Dẹ́nmáàkì kò ní àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kankan níbí tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ kó sì gbẹ́jọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù Kìn-ín-ní 2022, wọ́n gbé mẹ́ta nínú wọn sínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n fún wọn ní epo àti oúnjẹ, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ẹnì kẹrin fara gbọgbẹ́, òun ni wọ́n gbé lọ sí Dẹ́nmáàkì. Ọkọ̀ ogun tó tóbi jù, tó ní ẹ̀rọ jù, kò rí ibi gbé olè sí. Èmi fẹ́ ọmọ ogun kékeré tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ wákàtí sára ọ̀rá.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Obangame ti wà nílẹ̀ nígbà tí nǹkan burú jù. Ní 2020, èèyàn 135 ni àwọn olè orí omi jí gbé lórí ọkọ̀ ní gbogbo àgbáyé, 130 nínú wọn jẹ́ ti òkun Gínì wa yìí, gẹ́gẹ́ bí International Maritime Bureau, àjọ tó ń ka ìkọlù olè orí omi lágbàáyé, ṣe kà á. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, ọkọ̀ Mozart ti àwọn ará Tọ́kì kúrò l'Ékòó, Cape Town ló ń lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sá wọ yàrá onírin bá a ti ń kọ́ gbogbo wa. Àwọn olè náà fi wákàtí mélòó kan gé irin yẹn títí wọ́n fi wọlé bá wọn. Wọ́n pa ẹnì kan, wọ́n kó 15 lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí ọmọ ọkọ̀ mi kankan tó sun oorun gidi. Mo lọ fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá tiwa, mo ń wo bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó, ọkàn mi ò balẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìdánrawò nìkan ló lé olè lọ, ẹ má gbà á gbọ́. Nàìjíríà gbé ètò Deep Blue dìde ní oṣù Kẹfà 2021, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfurufú àti àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò kí ọkọ̀ ogun wọn má ṣe jọ kúrò níbí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán èèyàn lẹ́wọ̀n. Ìṣẹ̀lẹ̀ olè orí omi 81 ló wà lákọsílẹ̀ ní òkun Gínì ní 2020. Ní 2024, ó ti di 18. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni pé gbogbo àwọn tuntun wọ̀nyí bá àwọn tó ti mọ ohùn ara wọn lórí rédíò nílẹ̀.

Ọ̀kan tó kù ńkọ́?

Èdè kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, Potogí, Sípéènì, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí omi kan náà. Lóru tí mo sọ yẹn, orí ló kó wa yọ pé ọmọ Kétu ni. Tó bá jẹ́ ọmọ Parakou tí kò gbọ́ Yorùbá ńkọ́? Mo fẹ́ kí ìdánrawò yìí lo wákàtí sí i lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, àwọn tó ń jókòó ti rédíò lóru, kì í ṣe àwọn ọ̀gá.

Bá a ṣe máa dá ọmọ ogun mọ̀ yàtọ̀ sí olè tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2022, ọkọ̀ ogun Nàìjíríà sún mọ́ ọkọ̀ epo ńlá kan, Heroic Idun, lóru. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní àwọn rò pé olè ni, wọ́n sá. Nàìjíríà ní wọ́n wá gbé epo láìgbàṣẹ ni. Equatorial Guinea ló mú wọn, ó sì fà wọ́n lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ 26 ló wà nínú ọkọ̀ náà, oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n tó gba ìdásílẹ̀. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè dá ẹjọ́ ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú tí èèyàn fi ń wo ọkọ̀ tó bá ń sún mọ́ni lóru láìtan iná. Gbogbo atukọ̀ tó ti gbọ́ ìró ìkọ́ àkàbà rí á sá ni. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ogun orílẹ̀-èdè wọ̀nyí fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n á máa fi sọ fún wa pé àwọn ni, kí wọ́n sì fi dánra wò pẹ̀lú àwa oníṣòwò gan-an, dípò kí ọmọ ogun máa dúró bí oníṣòwò.

Èyí tó ká mi lára jù ni tàwọn èèyàn mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pẹja ní ìhà Ayétòrò, níbi tí òkun ti ń jẹ ilé mọ́ wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó fi ọdún mọ́kànlá jù mí lọ. Láàárín ọdún kan tí àwọn ọkọ̀ ogun pọ̀ lójú omi fún ìdánrawò, ọkọ̀ ńlá kan gba orí àwọ̀n rẹ̀ kọjá lóru, ó sì gbé e lọ. Kò mọ ọkọ̀ ta ni, èmi náà ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ọkọ̀ ogun, ó lè jẹ́ oníṣòwò bíi tiwa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó wá sí etídò wọn láti sọ fún wọn pé ọkọ̀ máa pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má na àwọ̀n síbí. Èmi tí mo wà nínú irin gìrìwò gba ìkìlọ̀ lórí ímeèlì. Iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ kó tó rí owó àwọ̀n mìíràn.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ogun nílò rẹ̀ ju bó ṣe nílò wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi lè fi etí mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbogbo ará agbègbè náà nínú òkùnkùn. Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan, òun rí ọkọ̀ kékeré kan tó gbé ẹ́ńjìnnì ńlá méjì, àwọn ọmọkùnrin mẹ́jọ wà nínú rẹ̀, dúrọ́ọ̀mù bẹntiróòlù kún inú rẹ̀, kò sí àwọ̀n kankan níbẹ̀. Wọ́n forí lé agbami. Ta ló ń gbé epo lọ sójú agbami láìgbé àwọ̀n? Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ sọ fún?" Ó ní, "Ta ni kí n sọ fún, àbúrò?" Orílẹ̀-èdè 33, ọkọ̀ 95, gbogbo ẹ̀rọ rédà wọn, ẹni tó rí àwọn ọmọ yẹn pẹ̀lú ojú kò ní nọ́ḿbà ẹnì kankan. Bó ṣe rí fún wa ní 2012 ló ṣì rí fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jẹ́ kí àwọn baálẹ̀ apẹja jókòó nínú yàrá yẹn, àwọn Ìlàjẹ, àwọn Ìjọ, àwọn Ẹ̀gùn, àwọn Éwé àti Fante, kí wọ́n sọ fún wọn bí wọ́n á ṣe pè àti ẹni tí wọ́n á pè, mo máa padà wá síbí láti fi ìràwọ̀ karùn-ún kún un.

Nígbà tí mo gba ìsinmi wálé kẹ́yìn, mo lọ sí ibùdó ọmọ ogun ojú omi tó wà ní Igbókòdá. Mo sọ fún ọmọ tó wà lẹ́nu géètì pé nọ́ḿbà tí apẹja lè pè ni mo wá gbà. Ó wò mí, ó wọlé lọ, ó kọ ọ́ sórí bébà jáde fún mi, ó sì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ra ọ̀dà funfun kékeré kan lọ́jà. Mo fi kọ nọ́ḿbà náà sínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ há, kó lè rí i lóru. Kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ń kà á, òun náà ń kà á tẹ̀ lé mi, títí ó fi mọ́ ọn lórí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ká dán an wò. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ó gbé e sétí. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan gbé e.